Ewúrẹ́ Tí Wọ́n Dá Padà fún Mi

Mo ti ibi iṣẹ́ dé sílé mi ní Bassila ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, mo bá ewúrẹ́ mi lórí ìso lábẹ́ igi máńgòrò. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà, eruku ti bo gbogbo ewé. Ewúrẹ́ náà dorí kodò. Ipin bo ojú rẹ̀, ikun ń ṣàn ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì, ìgbẹ́ olómi sì ti lẹ̀ mọ́ ọn nítan. Mo dá a mọ̀ láti ara etí òsì rẹ̀ tí a gé ṣóńṣó orí rẹ̀, àmì ìdílé wa, nítorí ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ létí ẹran. Ohun tí kò yé mi ni ohun tó wá ṣe ní Bassila. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé Manigri, ìlú wa, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí a ń pè ní Ìyá.

Mo bi ìyàwó mi pé ta ló gbé e wá.

"Onízẹ́mì kan ni, ó fi alùpùpù rẹ̀ gbé e wá. Ó ní Ìyá kí yín. Wọ́n ní ẹran yín ò gbádùn, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn kó tó kú."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo so ó mọ́lẹ̀, mo fún un lómi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n gbé àga fún un ni?"

Ẹni tí kì í ṣe ará Manigri lè rò pé ìyá náà kàn fẹ́ bọ́ nínú wàhálà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ewúrẹ́ kì í sìn ín fúnra rẹ̀. Iṣu àti kajú ti gba gbogbo àkókò wọn. Wọ́n á gbé ẹran náà fún obìnrin tó mọ ẹran tọ́jú. Àkọ́bí á jẹ́ ti ẹlẹ́ran, èkejì á jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sì máa pín in lọ. Ìwé kankan kò sí nídìí rẹ̀. Ohun tó dì í mú kò ju pé bí ẹran ẹlòmíràn bá ń ṣàìsàn lọ́wọ́ rẹ, kí o dá a padà nígbà tó ṣì ń mí, kí ẹlẹ́ran fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá kú sí ọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á ní ó ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa tún gbé ẹran wá fún ọ mọ́.

Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ìyá yìí ti ń sin ẹran fún àwọn ará ìlú. Kì í ṣe ẹni tó ń fọ́nnu, àfi lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. "Kò sí ẹran ẹnikẹ́ni tó kú sí mi lọ́wọ́ rí." Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò tún gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tí ewúrẹ́ mi dé yìí, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń tẹ̀ lé dókítà ẹran kan kiri. Iṣẹ́ rédíò ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ọmọ Nàgó láti ìhà Kétu, ó ń ṣe ìwádìí fún ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa. Àìsàn tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn nígbà ọyẹ́ ló ń wá ìdí rẹ̀. Ó ní orúkọ Faransé gígùn kan tí wọ́n ń pè é. Ní Manigri, ikọ́ ọyẹ́ ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Ibà ló ń kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ipin àti ikun, lẹ́yìn náà egbò ẹnu, lẹ́yìn náà ìgbẹ́ gbuuru.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dùn ún wò. Á fi òwú tó wà lórí igi tín-ínrín nu kọ̀rọ̀ ojú ẹran, á nu imú rẹ̀, á ki òwú náà bọ inú ìgò kékeré, á kọ nọ́ńbà sí i lára, á tì í bọ inú àpótí yìnyín. Á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ọrùn ẹran náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju kí èèyàn jẹ iyán òkèlè mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ni á yọ fíìsì rẹ̀, ìwé tó kọ ìbéèrè sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé ẹ ti ra ẹran wọlé láàárín oṣù yìí? Rárá. Ṣé ẹ ti ta ẹran? Rárá. Ṣé ẹran yín máa ń jẹ pọ̀ pẹ̀lú ti ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún? Rárá, ó jìnnà.

Ó ní bébà ńlá kan tó fi ọwọ́ ya Manigri sí, ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì róbótó, èyí tí àìsàn wọ̀ sì ni ó kùn ní pupa. Kò sí bí ó ṣe wò ó tó bá ara mu. Àìsàn á mú ilé kan, á fo ilé márùn-ún tó yí i ká, á sì bọ́ sí ìpẹ̀kun ìlú. Ó ti Pénéssoulou bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní níbẹ̀ àìsàn náà ń rìn bí iná inú igbó, láti ilé sí ilé tó tẹ̀ lé e. "Ti Manigri yìí, àfi bíi pé ó ní alùpùpù tirẹ̀," ló sọ fún mi.

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Mo gba gbogbo "rárá" àwọn èèyàn náà sílẹ̀. Ọmọ Manigri ni mí, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì dúró gbagidi síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìronú kan ohunkóhun.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo pe dókítà lórí pọ́tábù. Kò pẹ́ tó fi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ mi, ó ṣí ẹnu rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ra èyí?"

"N ò rà á. Tèmi ni."

"Níbo ló wà lánàá?"

"Manigri."

"Kí ló gbé e dé ibí?"

"Alùpùpù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó ń wò mí. Mo wá ṣàlàyé bí a ṣe máa ń gbé ẹran fún ni sìn, àti bí a ṣe máa ń dá a padà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí mo fi gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

"Ṣé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?" ló bi mí.

"Gbogbo wa."

"Tí ẹran náà bá ti ń ṣàìsàn?"

"Ìgbà tó bá ń ṣàìsàn gan-an ni."

Ó jókòó sórí odó ìyàwó mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ̀gbọ́n! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi ń gbé ẹ̀rọ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn!"

"Ẹ ò bi mí."

"Mo bi gbogbo ìlú pé ṣé wọ́n ra ẹran, ṣé wọ́n tà á!"

"Kò sẹ́ni tó parọ́ fún yín nínú wọn."

A tẹ́ bébà náà sílẹ̀. Mo ń sọ ẹni tó ń sin ẹran fún ta ni, bí mo ṣe mọ̀ ọ́, òun ń fa ìlà láti àmì kan sí èkejì. Ìgbà tí a fi fa ìlà kẹfà, kò sí ilé pupa tó dá wà mọ́ ní ìhà tí mo mọ̀ dáadáa. Mi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn báyẹn sí bébà rí. Àfìgbà tó ṣàdédé dáwọ́ dúró.

"Ẹran mélòó ló kù lọ́wọ́ ìyá yín?"

Mọ́kànlá ni. Méjì péré ni tirẹ̀. Mẹ́sàn-án yòókù jẹ́ ti ilé mẹ́fà, ilé kan ní òkè, òmíràn ní ẹ̀gbẹ́ títì, òmíràn lójú ọ̀nà oko. Mo tẹ ìyá náà láago lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ pé ẹran mi dé láàyè.

"Àwọn tó kù ńkọ́, Ìyá?"

"Mẹ́ta nínú wọn ti ń ṣepin. Mo ti bá onízẹ́mì sọ̀rọ̀. Lọ́la láàárọ̀ ni wọ́n ń lọ, kálukú sílé ẹlẹ́ran rẹ̀. Ṣé o rò pé màá dúró dìgbà tí wọ́n bá kú ni?"

A gbéra lọ sí Manigri láìdúró. Kí a tó lọ, dókítà ní kí ìyàwó mi má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ aládùúgbò kankan wọ àgbàlá wa. Òun náà sì ti fi omi ọṣẹ fọ bàtà rẹ̀ kó tó gun alùpùpù.

A bá ìyá náà níwájú ọgbà ẹran rẹ̀, ó ń yọ okùn. Obìnrin tín-ínrín ni, gíga, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti mọ dókítà, nítorí dókítà ti wá nu imú àwọn ẹran rẹ̀ nígbà tí ara wọn ṣì le. Ìyá náà máa ń fi ọ̀rọ̀ Kétu ẹnu dókítà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ Kétu, ṣé ẹ̀jẹ̀ tó o gbà níjọ́sí ò tó ọ ni?"

"Ó tó, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹran kankan padà."

"Nítorí kí ni?"

Dókítà ṣàlàyé, kò yára, kò sì fi Faransé lú u. Ó ní àìsàn yìí ń ti ara ẹran kan bọ́ sí ara èkejì nípa ikọ́, nípa ikun, nípa ìgbẹ́. Ó ní ẹran tí a rò pé ara rẹ̀ dá lónìí lè ti ní in nínú, kí a tó rí i lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ó ní ilé mẹ́fà lòun rí níwájú òun yìí, ẹran wà nínú gbogbo wọn, àìsàn ò sì tíì dé ọ̀kankan. "Bí wọ́n bá kúrò níbí lọ́la, Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ìyá náà wo inú ọgbà ẹran rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yé e. Ó ti rí ọyẹ́ ju àwa méjèèjì lọ.

"Bí wọ́n bá wá kú síbí ńkọ́?"

"Díẹ̀ nínú wọn máa kú," ni dókítà wí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Kò tàn án.

"Ta ló máa sọ fún ẹlẹ́ran pé mi ò pa á jẹ? Pé mi ò tà á?"

"Màá kọ ìwé fún yín. Màá fọwọ́ sí i."

"Ìwé." Ó wò mí bíi pé èmi ni mo sọ ọ́. "Ó fẹ́ fún mi ní ìwé. Ọmọ mi, gbogbo ọjọ́ ayé mi, ohun tí mo ní ní ìlú yìí ni pé, bí wọ́n bá gbé ẹran fún mi, wọ́n á sùn fọkàn balẹ̀. Ó ní kí n jókòó kí n máa wò wọ́n kí wọ́n máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ti gbó yìí, ta ló tún máa gbé ewúrẹ́ fún mi lẹ́yìn èyí?"

Ẹran kan wú ikọ́ nínú ọgbà. Ìyá náà ká okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún ká a.

"Tí ẹran ò bá gbọdọ̀ lọ bá ẹlẹ́ran," ló wí níkẹyìn, "ẹlẹ́ran á wá bá ẹran. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n rí i. Kí wọ́n wá rí i níbí. Lójoojúmọ́. Èyí tó bá kú, kò sí ẹni tó máa gbé e kúrò nílẹ̀ títí ẹlẹ́ran á fi rí etí rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó o ń gbé ẹ̀rọ kiri tó o ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, lọ pè wọ́n wá."

Mo lọ sí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kálukú dúró lẹ́yìn ọgbà, dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Èyí tó le nínú wọn ni àgbẹ̀ kan, ọkùnrin gìrìpá tó ní oko kajú tó dára, tó sì ní ẹran méjì níbẹ̀.

"Ìyá, mo dúpẹ́. Ẹ fún mi ní tèmi kí n máa lọ. Ilé mi tóbi, àyè wà níbẹ̀."

"Àyè ọ̀hún tí ẹran yín yòókù wà gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá," ni dókítà wí.

"Ẹran tèmi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ mú un. Ṣé ẹ fẹ́ fi sebẹ̀ ni?"

Ìyá náà dá a lóhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu: "Bó o bá fẹ́, mú un. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́ kí o mú un. Ṣé o rò pé ó wù mí kí imú ẹran rẹ máa ṣàn sí mi lójú? Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ ná."

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí a kò pè. Ó ń kọjá lọ sí ẹ̀rọ omi pẹ̀lú bídọ́ọ̀nù tó fi ń pọnmi, ó dúró gbọ́. Mo ti wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀kan nínú àwọn àmì pupa ni ilé náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ mi títí dòní, mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Wọ́n dá ọ̀kan padà fún èmi. Ó bá mẹ́sàn-án nílé. Ẹ wá wo ilé mi nísinsìnyí, ìso nìkan ló kù. Ẹni tó dá a padà fún mi, ó ṣe dáadáa sí mi. Kò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí."

Ó gbé bídọ́ọ̀nù rẹ̀, ó lọ. Ọkùnrin gìrìpá náà fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa," ló wí. "Kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n màá máa wá wò wọ́n o, Ìyá. Lójoojúmọ́."

"Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ìwọ ni etí rẹ di."

Ìyókù kò rọrùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Èsì àyẹ̀wò ti ìsàlẹ̀ wá, àìsàn tí dókítà fura sí náà ni. Ó ti gún àwọn ewúrẹ́ tó wà nílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kó tó dé, kò dúró dè é. Ìyá náà kò kúrò nídìí ẹran rẹ̀. Ó ń fi omi iyọ̀ fọ egbò ẹnu wọn, ó ń se èèpo iṣu títí tí yóò fi rọ̀, ó ń fi ọwọ́ tì í sí wọn lẹ́nu. Àwọn ẹlẹ́ran ń yà láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ ṣa kajú. Wọ́n á gbọ́rùn lé ọgbà, wọ́n á kí i, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹran ta ló jẹun jù lánàá. Ọgbà yẹn wá dà bí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìròyìn, ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ.

Ewúrẹ́ tèmi kú ní Bassila ní ọjọ́ kẹta. Àìsàn náà kò ran ẹran kankan ládùúgbò wa. Ìyàwó mi ní òun ti fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, pé ó dákẹ́ ju èmi lọ.

Ní Manigri, mẹ́rin kú nínú mọ́kànlá, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìyá náà fúnra rẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù tó kú, a ránṣẹ́ pe ẹlẹ́ran, ó wá, ìyá náà gbé etí ẹran sókè kí ó rí i, lẹ́yìn náà ni a wa ihò jíjìn lẹ́yìn oko, a sin ín, a sì fi ẹ̀gún bò ó kí ajá má bàa hú u. Ọ̀kan nínú méjì ọkùnrin gìrìpá náà wà nínú wọn. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo etí náà pẹ́.

"Tèmi ni," ló wí. "Mo rí i, Ìyá."

"O rí i?"

"Mo rí i."

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn méje tó kù ti ń jẹ koríko fúnra wọn, ojú wọn ti mọ́. Mo sọ fún ìyá náà pé ó ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó ní, "Mẹ́rin kú," ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé. Dókítà fi ìlà àti àmì rẹ̀ hàn án lórí bébà, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà funfun báláú láìní pupa kankan. Ó wò ó, ó ní ó dára. Ohun tó ń retí kò sí lórí bébà.

Kajú ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ lóko, gbogbo Manigri ń rùn bí omi kajú, nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán kan. A jókòó sábẹ́ òjìji, a ń jẹ iṣu sísun. Ọkùnrin gìrìpá yẹn wọlé, ó gbé ọmọ ewúrẹ́ kan kọ́ ọrùn, abo, dúdú, ó ń ké.

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá."

"Kú ọ̀sán. Kí nìyẹn?"

"Ẹran ni. Ẹ bá mi sìn ín."

Ìyá náà kò dìde. Ó jẹ iṣu ẹnu rẹ̀ tán. Ó fi aṣọ nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí ó gbé e súnmọ́ òun. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó la ẹnu rẹ̀, ó fi ìka tọ́ èrìgì rẹ̀, ó yí ìdí rẹ̀ síta.

"Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́?"

"Ó ti gbà á."

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni mo dì í mú!"

"Ìwọ nìkan?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà!" Ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹ pe dókítà yín kí ẹ bi í."

Ìyá náà gba okùn ọrùn ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mú un lọ sínú ọgbà. Ó so ó mọ́ igi kan lápá kejì àgbàlá, jìnnà sí àwọn yòókù, ó da omi fún un.

"Ọjọ́ mẹ́wàá ló máa fi dá wà níbẹ̀," ló wí fún un. "Kí o máa yà wò ó."